Köpük Tó Ń Fẹsẹ̀ Gbọ́ràn

Ọdún tí Behçet fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló gbé ológbò wọlé. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kóòtù rẹ̀ wú níwájú bí ikùn aláboyún, ó jókòó, ó ní kí Mevlüde bu tíì fún òun. Mevlüde bu tíì. Ibi tó ti ń gbé e kalẹ̀ ni kóòtù náà ti mira.

"Bàbá Nesrin, kí ló ń yí nínú aṣọ yín yẹn?"

"Ọkàn mi ni."

"Ọkàn yín ti wá hu ìrù?"

Ìrù náà ti yọ síta ní tòótọ́, ó gùn, ó kún, ó sì funfun báláú. Ọmọ oṣù méjì ni ológbò náà. Ojú rẹ̀ kan búlúù bí omi adágún ní àárọ̀, èkejì ní àwọ̀ oyin. Ní ìlú Van, ẹni tó bá ní irú ológbò bẹ́ẹ̀ nílé kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Ìran ológbò ìlú náà gan-an ni, onírun gígùn tí kì í sá fún omi, àwọn ará Van a sì máa fi ojú méjì tí kò bára dọ́gba yẹn yangàn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kùn ún. Bí ojú méjèèjì bá jẹ́ búlúù, wọ́n á ní, "Ó dáa náà." Bó bá jẹ́ àwọ̀ oyin méjèèjì, wọ́n á ní, "Ológbò ni." Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀kan búlúù, ọ̀kan oyin, kíá ni wọ́n á ránṣẹ́ pe aládùúgbò wá wò ó, tí kálukú á máa ṣe máṣáálà lé e lórí kí ojú burúkú má bàa wọlé tọ̀ ọ́. Ẹnìkan tí òun àti Behçet jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ló fún un, ní Edremit. Behçet sọ ọ́ ní Köpük, ìyẹn ìfófòó orí omi. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi wo ìfófòó lẹ́yìn ọkọ̀ lójoojúmọ́, òun ò sì fẹ́ kí ojú òun máa wá a nísinsìnyí tóun ti di ará ilé.

Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí àṣírí fi tú. Hamdi onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn ní àdúgbò İskele, wá wo ológbò náà. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, Köpük kò yíjú. Ó súfèé, ó tún fi ṣíbí lu ife. Köpük ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì o," ni Hamdi wí. "Adití ni. Rédíò tí kò ní bátìrì ni wọ́n tà fún yín."

"Wọn ò tà á fún mi. Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni."

"Ẹ wá rí i? Ta ló máa fi èyí tó ń gbọ́ràn ta èèyàn lọ́rẹ?"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Behçet náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mevlüde mọ̀, nítorí pé tíì ọkọ rẹ̀ tutù síwájú rẹ̀ láìmu, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kì í fi tíì ṣeré rárá.

Mevlüde fúnra rẹ̀ ló mú oògùn ọ̀rọ̀ náà wá, ìbínú ló sì fi mú un wá. Ilé wọn jẹ́ ilé àtijọ́, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín ń yọ́ níta, Behçet wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gba orí pákó tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Mevlüde pariwo. Nígbà tí ariwo kò tó o mọ́, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ni Köpük, tó sùn ní yàrá kejì, bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó nàrù sókè, ó ń wojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Behçet bọ́ bàtà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bọ́ sí yàrá ìdáná, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀ níbẹ̀. Köpük tọ̀ ọ́ lọ. Ó padà sí pálọ̀, ó tún janlẹ̀. Köpük tún tọ̀ ọ́ wá.

"Ìyá Nesrin! Ẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ràn!"

Ó ṣí fèrèsé, ó sì figbe bọnu sí ọ̀dọ̀ Hamdi tí ẹni tó ń fá irùngbọ̀n fún ṣì jókòó nínú ọṣẹ. "Hamdi! Máa bọ̀ wá wo rédíò tí kò ní bátìrì! Ó ti ń gba ìròyìn!"

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń pe Köpük nìyẹn. Orúnkún ọ̀tún Behçet ti bà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ìró tirẹ̀ ní bó ṣe ń dún: méjì kíákíá, ọ̀kan á wá pẹ́ díẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀. Gbogbo İskele ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ láti ojú ọ̀nà, wọ́n á ní oúnjẹ Köpük ti jinná.

Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe dùn nígbà náà! Mevlüde kò mọ̀ pé ó dùn, ẹni tó wà nínú oyin kì í sábà mọ̀. Lálaalẹ́, bí wọ́n bá ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́, Behçet á wọ awò, á tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì ògbólógbòó sórí itan, á sì mú òòyà. Ibi mẹ́ta ni irun ológbò bẹ́ẹ̀ ti máa ń ta kókó: ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá, àti ìdí itan ẹ̀yìn níbi tó ti nípọn bí ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ̀lẹ, kókó kékeré á di odindi búlọ́ọ̀kù, á sì máa fa awọ ara ẹranko náà. Behçet kì í fi tipátipá yà á. Ìka ló máa kọ́kọ́ fi tú kókó náà díẹ̀díẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò gbọ́, kí òòyà tó tẹ̀ lé e.

"Ọgbọ̀n ọdún ó lé tí mo ti wà nílé yìí," ni Mevlüde wí lọ́jọ́ kan, "ẹ ò ya irun tèmi rí."

"Tìrẹ kì í ta kókó."

"Ta ló sọ fún yín?"

Behçet wò ó láti òkè awò. Ó gbọn òòyà náà mọ́, ó ní kó máa bọ̀. Mevlüde pè é ní aláìnítìjú, ó wo fèrèsé bóyá aṣọ rẹ̀ ti bò ó dáadáa, ó sì lọ jókòó. Títí di òní, bó bá rántí rẹ̀, á fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbé Köpük lọ sí etí adágún. Omi Van máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ, òun ni ìyá Mevlüde fi ń fọṣọ, kò ra ọṣẹ rí nígbà ayé rẹ̀. Behçet á ká ṣòkòtò sókè, á wọnú omi, Köpük á sì lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e, orí nìkan ló máa hàn, pẹ̀lú ojú tó le bí ojú ọ̀gá ọkọ̀. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á fi omi ẹ̀rọ ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Irun tó bá bọ́ nígbà tí òtútù bá ń lọ, Mevlüde á kó o sínú àpò, ó sì fi rọ ìrọ̀rí kékeré kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orí lé.

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin ọdún kan, ọkàn Behçet dákẹ́ níbi tó ti ń wọ bàtà.

Ogójì ọjọ́ ni Mevlüde kò rántí òòyà. Nígbà tó fi rántí, ẹ̀yìn etí Köpük ti di búlọ́ọ̀kù. Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí itan, ó fa òòyà bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, Köpük sì gé e jẹ lọ́wọ́. Mevlüde sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: ó rí i pé òun ń yà á ni, òun ò kọ́kọ́ tú u. Ó sọ òòyà sílẹ̀, ó fi ìka tú kókó náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, ó ń yà á bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń yà á. Ó tún ń pè é bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń pè é. Orúnkún tirẹ̀ kò dùn ún, síbẹ̀ méjì kíákíá ló ń janlẹ̀, kó tó dá ọ̀kan yòókù dúró díẹ̀. Ó ní kí ológbò má bàa rò pé àlejò ló ń pe òun. Irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ máa gbọ́ ẹsẹ̀ Behçet nínú ilé.

Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ni ilẹ̀ mì. Mevlüde wà ní àgbàlá Zekiye, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó tuntun, níbi tí wọ́n ti ń ki wàràkàṣì eléwé sínú ìkòkò amọ̀ de oṣù òtútù. Ìkòkò yí dànù, àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú bí ọmọdé. Nígbà tí ilẹ̀ dákẹ́, ilé Behçet ṣì dúró, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn ti là, ilẹ̀kùn ti yọ, Köpük kò sì sí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ilé mọ́. Wọ́n pa àgọ́ sí pápá tó wà lẹ́yìn àdúgbò, ibẹ̀ ni gbogbo İskele kó sí.

Ní ọjọ́ Ajé, Nesrin ọmọ rẹ̀ ti dé láti ìlú Bursa lọ́nà jíjìn, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Màmá, mo ti gba ìjókòó méjì sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni bọ́ọ̀sì wa. Yàrá yín ti wà ní sẹpẹ́."

"Ìjókòó ti Köpük ńkọ́?"

"Màmá!"

"Mo ní n ò lọ láìsí Köpük. Bàbá rẹ ló gbé e wọlé. Bí n bá fi í sílẹ̀ sínú òtútù yìí, kí ni n óò wí fún un nígbà tá a bá pàdé?"

Nesrin mọ ìyá rẹ̀. Ó ní ó dáa, kí wọ́n wá a títí di Ọjọ́bọ̀.

Ni gbogbo àdúgbò bá gbẹ́sẹ̀. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Hamdi ló ṣáájú, Zekiye tẹ̀ lé e pẹ̀lú ara sísanra rẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́rin márùn-ún wà lẹ́yìn, gbogbo wọn ń gba ojú ọ̀nà kọjá láàárín àwọn ilé tó ti là, wọ́n ń janlẹ̀: méjì kíákíá, ọ̀kan tó pẹ́. Ilẹ̀ náà kò sì tíì sinmi, ó ṣì ń gbọ̀n ní wákàtí wákàtí. Bí wọ́n bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á tú jáde.

"Ó tún ti dé! Ó tún ti dé!"

"Kò tíì dé! Zekiye ló ń rìn!"

"Ẹ sọ fún un kó jókòó, nítorí Ọlọ́run!"

Ọlọ́pàá kan bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. Hamdi ní wọ́n ń pe ológbò. Ọkùnrin náà wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó béèrè pé ṣé irú olójú aláwọ̀ méjì ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í janlẹ̀ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ ìjọba. Ará Van ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n rí Köpük. Ó yọ orí lẹ́yìn òkìtì igi ìdáná, irun rẹ̀ ti dúdú. Mevlüde fi gbogbo agbára rẹ̀ janlẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹsẹ̀ ń ro ó. Köpük wò ó. Ó wò ó dáadáa, ojú kàn ojú, ó sì yí padà, ó sá bí ẹni tí wọ́n yìnbọn lé. Nírọ̀lẹ́ wọ́n tún rí i lẹ́bàá ògiri mọ́ṣáláṣí. Gbogbo wọn janlẹ̀ pọ̀. Ó tún sá.

"Kò dá mi mọ̀ mọ́," ni Mevlüde wí. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Zekiye fi ní láti tẹ̀ ba kó tó gbọ́.

Ọjọ́rú ni, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mevlüde ti jí, ó ń bá Nesrin ká bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú àgọ́. Hamdi, tó ti ń wá ológbò kiri láti ìdájí, gba ẹ̀gbẹ́ àgọ́ náà kọjá, ó sì janlẹ̀. Kí Mevlüde tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà láàárín pápá, kò wọ bàtà, kò borí, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá ń lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Hamdi sáré tọ̀ ọ́, ìtìjú bò ó.

"Màmá, ẹ má bínú, èmi ni! Köpük ni mò ń pè!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni." Mevlüde dúró gbagidi. "Hamdi, wò mí. Mo gbọ́ ẹ tí ò ń wúkọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Èmi tí mo ní etí méjì, mo sá."

"Ẹ̀rù ló bà yín, Màmá, ó ń ba gbogbo wa."

"Òun tó jẹ́ pé ilẹ̀ nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ tó ń pè é wá jẹun ló dìde tó fẹ́ pa á. Àwa la sì ń tẹ̀ lé e kiri láti ọjọ́ Ajé, tá a ń sọ fún un pé ó tún ń bọ̀."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn fẹ̀gún sọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi ìfẹ́ lé ẹranko náà, Mevlüde gan-an ló sì ń janlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ojú tì í débi pé kò lè wo Nesrin lójú.

Láti ìgbà náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má janlẹ̀ mọ́. Zekiye ti dáná sí ààrò búrẹ́dì rẹ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ lábẹ́ òrùlé kékeré kan ní àgbàlá, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì mọ́. Mevlüde ronú pé ohun tí òtútù bá ń pa, á wá ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà, ó lọ jókòó lẹ́yìn ààrò náà, kò sì mira. Wọ́n gbé tíì wá fún un, kò mu ún. Ọjọ́ yí sí ọ̀sán, ọjọ́ yí sí ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin dín búrẹ́dì tí wọ́n ń yan kù, wọ́n ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn bí olè.

Nígbà tí òjìji ògiri dé ẹnu ààrò, Köpük yọ lábẹ́ àwọn igi. Ó tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ó dúró. Mevlüde fẹ́ dìde, ó rántí pé bóun bá dìde, òun á tẹ ilẹ̀. Kò lè dìde, kò sì lè dúró bẹ́ẹ̀. Ló bá rọra da ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ó na gbọọrọ sórí eérú àti ìyẹ̀fun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Zekiye figbe ta. "Yéè! Ìyá Nesrin ti dákú o!"

"Má sáré," ni Mevlüde wí láìgbé orí. "Zekiye, bó o bá nífẹ̀ẹ́ mi, má sáré wá síbí pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ yẹn."

Zekiye dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí àkọ̀. Kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ ní gbogbo àgbàlá. Köpük gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó gbé òmíràn. Ó wá, ó gbóòórùn irun Mevlüde, ó sì ti gbogbo orí rẹ̀ bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Irun náà kò ṣeé tú mọ́. Ẹrẹ̀, eérú àti ẹ̀gún ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Hamdi ló mú ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ wá, ó gẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti ọrùn dé ìdí ìrù, bí ó ṣe ń gẹ̀ ẹ́ ni Köpük ń kéré sí i, títí ó fi ku ohun kan tó rí tín-ín-rín, tí egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé kà. Mevlüde kó irun tó bọ́ náà jọ sí itan. Ó mọ̀ pé èyí tí Behçet yà ti bọ́ tipẹ́, ọdọọdún ni irun wọn ń bọ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀ ó sunkún lé e lórí bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń sin ọkùnrin náà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Nesrin ti rí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á fi gbé ológbò. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọkọ mi ní kí ẹ gbé e wá, ó ní òun á fara da irun."

Mevlüde jókòó lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, Köpük wà nínú kóòtù rẹ̀. "Àjà kelòó lẹ wà ní Bursa?"

"Ìkejì."

"Ta ló ń gbé lókè yín?"

"Tọkọtaya kan, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin."

"Ṣé wọ́n máa ń fò?"

Nesrin gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, nítorí ológbò lẹ ṣe fẹ́ kí òtútù pa yín nínú àgọ́?"

"Ọmọ mi, ọ̀pọ̀ ọdún la fi janlẹ̀ fún un pé kó máa bọ̀, pé ewu ò sí. Ó gbà wá gbọ́. N ò lè gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti máa janlẹ̀ lé e lórí tọ̀sán tòru. Máa lọ. Kí ọkọ rẹ fún mi."

Nesrin sunkún, ó bínú, ó sì lọ. Ó fi kóòtù tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Inú àgọ́ ni Mevlüde wà títí yìnyín fi bo ilẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní ilé onípáànù kan ní ìpẹ̀kun pápá náà. Ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lé ara wọn sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú ló fi ń rìn níbẹ̀. Irun Köpük hù padà kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ó sì tún ń lọ́ra nígbà tí wọ́n bá mú òòyà. Àárò ilé kò sọ Mevlüde tó bí àwọn èèyàn ṣe rò, ilé ti gbó. Ìró mẹ́ta yẹn ló ń ṣàárò, nítorí pé inú rẹ̀ nìkan ló ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ Behçet, kò sì lè janlẹ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Nígbà mìíràn, bó bá ti gbé àwo oúnjẹ ológbò kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbéra kó tó rántí. Á sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Alaalẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni Nesrin máa ń pè lórí fóònù. Wọ́n á sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n á sọ̀rọ̀ orúnkún. Lọ́jọ́ kan ó bi í pé:

"Màmá, báwo lẹ ṣe wá ń pe Köpük báyìí?"

"N kì í pè é mọ́. Mo kàn máa ń jókòó ni, á wá."

"Tí kò bá wá ńkọ́?"

"Mo ṣì máa ń jókòó."